Àwọ̀ Tó Tàn Lójú Ẹni Tó Pọ́n: Ìtọ́sọ́nà fún Ìpénpéjú àti Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ọjọ́ kejì Iléyá ni, Ojúde Ọba ku ọ̀la. Ìyàwó ilé kan jókòó níwájú mi ní Ìjẹ̀bú-Òdé, a fẹ́ dán mékọ́ọ̀pù tó máa fi jáde wò. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, jẹ́ búlúù tó mọ́ lójú, gèlè rẹ̀ sì jẹ́ pìǹkì. Mi ò tíì ṣí àpótí mi tó fi ní: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o. Àwọ̀ tó bá le kì í bá èmi tí mo pọ́n mu. Àwọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ fi sí i fún mi."

Mo ní, "Ìyàwó, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ó ní gbogbo ẹni tó ti ṣe mékọ́ọ̀pù fún òun ló ń sọ ọ́. Èmi náà ti gbọ́ ọ títí, ó sì máa ń dùn mí. Àwọn ìyá ìyá wa fi osùn pupa yòò kun ara ìyàwó àti ọmọ tuntun, wọn ò sì kọ́kọ́ béèrè bóyá onítọ̀hún dú tàbí ó pọ́n. Lára ẹni tó pọ́n gan-an ni osùn ti ń hàn jù.

Kì í ṣe àwọ̀ tó tàn ló ń ba ojú apọ́nbéporẹ́ jẹ́. Ìwọ̀n ni. Ojú adúmáadán ni ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́, ara tó dú sì máa ń gbé àwọ̀ mì. Ẹ ó fi í lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó sọ̀rọ̀. Ara tó pọ́n kì í gbé nǹkan kan mì. Ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ń pariwo. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tó fi ń kun adúmáadán kun apọ́nbéporẹ́, dandan ni kó bà á jẹ́, á wá sọ pé àwọ̀ ló burú. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú pípọ́n tó jẹ́

Ẹ fọ ojú náà mọ́, kí àtíkè kankan má ṣe sí i, kí ẹ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ojúmọmọ. Iná inú ilé máa ń purọ́: gílóòbù kan á sọ ojú di pupa, òmíràn á sọ ọ́ di búlúù. Ẹ mú ìwé funfun kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n. Bí ojú bá dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, pípọ́n oníyeyè nìyẹn. Bó bá dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú balùwẹ̀ omi gbígbóná, pípọ́n pupa ni. Àwọn àfín náà wà, àwọn tí àwọn àgbà ń pè ní ẹni òrìṣà. Ara wọn kò ní èròjà melanin tó ń fún ara ní dúdú rẹ̀, tàbí kó kéré jọjọ. Ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú tiwọn, màá dé ibẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ní láti mọ èyí? Nítorí pé àwọ̀ ní alátakò. Pupa ń dojú kọ àwọ̀ ewé, búlúù ń dojú kọ àwọ̀ ọsàn, ìyeyè ń dojú kọ elése-àlùkò. Bí alátakò méjì bá pàdé, ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa mú kí ìkejì tàn sí i. Ẹni tó pọ́n níyeyè, bí ẹ bá fi elése-àlùkò sí ìpénpéjú rẹ̀, ojú á tàn bí ẹni tanná síbẹ̀. Ẹni tó pọ́n ní pupa, tí iná oòrùn tàbí ojú irorẹ́ ṣì pọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé á fa gbogbo pupa yẹn jáde; ẹ bo pupa náà dáadáa ná, tàbí kí ẹ mú búlúù dípò rẹ̀. Ẹyinjú ọ̀pọ̀ wa sì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó ṣókùnkùn. Ìdí rèé tí búlúù fi ń mú ẹyinjú Yorùbá mọ́lẹ̀ kedere. Bí ẹni tó pọ́n bá ń bẹ̀rù, búlúù ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún un.

Rírà

Ní Òkè-Àjẹ, ẹ ó rí pátákó tó ní àwọ̀ ogójì tó dán gbinrin. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan fún yín, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fà á sí abẹ́ apá níbi tí ara ti mọ́ jù, kì í ṣe sí ẹ̀yìn ọwọ́ tí oòrùn ti pa. Bó bá jẹ́ ẹfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, á hàn funfun lára adúmáadán lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lára yín tó pọ́n, á fara pamọ́. Ìgbà tí òógùn bá dé ni ẹ ó mọ̀. Nítorí náà ẹ fi ìka tó tutù díẹ̀ pa á: bó bá di ẹrọ̀fọ̀ funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ yí i sẹ́yìn kí ẹ kà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Àwòrán ìkòkò kékeré tí ọmọrí rẹ̀ ṣí, tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sínú rẹ̀, oṣù tí ẹ fi lè lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i ló ń sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà ni pé àwọn àwọ̀ kan tó ń tàn bí iná, pàápàá pìǹkì, pupa àti elése-àlùkò kan, wọ́n kọ ọ́ sí wọn lára pé kí a má fi wọ́n sí itòsí ojú. Ẹ lò wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá fàyè gba ìyẹn, kí ẹ má gbé wọn dé ìpénpéjú. Àwọ̀ yòówù kí ẹ rà, ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá yún yín, tó wú, tàbí tó pọ́n, ó ti parí nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ tìróò níbí, torí ó ń rí dúdú kedere lójú ẹni tó pọ́n, ọ̀pọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé tìróò tí wọ́n gbé wá láti Nàìjíríà fún. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 tó jẹ́ òjé. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò fi tìróò tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ́jà sí ojú oníbàárà kankan mọ́, mo sì ń bẹ ẹ̀yin ìyá ọmọ pé kí ẹ má lé e fún ọmọ. Pẹ́ńsù ojú tó ní nọ́ńbà lára ni kí ẹ lò.

Ara ṣáájú àwọ̀

Fún ẹni tó pọ́n tí kì í ṣe àfín, ẹ fi ìpara tí kò lọ́ràá jù sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara mu ún.

Àfín kò rí bẹ́ẹ̀. Òde la máa ń wà ní Ojúde Ọba láti àárọ̀ di ọ̀sán gangan, oòrùn sì lè bó awọ àfín kí ẹlẹ́ṣin kẹta tó kọjá. Ìpara ìdáàbòbò oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, èyí tí SPF rẹ̀ (ìwọ̀n agbára tó fi ń dí oòrùn) kò dín ní 30 tí wọ́n sì kọ broad spectrum sí lára, ìyẹn ni pé ó ń dí oríṣi ìtànṣán oòrùn méjèèjì. Ẹ má ṣe ṣahun rẹ̀. Etí, ẹ̀yìn ọrùn, àyà tí bùbá kò bò, ètè pàápàá. Kó tó jáde síta, kó ti wà lára fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ní láti tún un fi, mékọ́ọ̀pù ò sì gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Mo máa ń fún wọn ní fóòmù kékeré kan kí wọ́n fi máa tẹ̀ ẹ́ lé e lórí díẹ̀díẹ̀. SPF tó wà nínú foundation, ìpara aláwọ̀ ara tí a fi ń tẹ́ ojú, nìkan kò tó, torí kò sẹ́ni tó ń fi foundation nípọn tó bó ṣe yẹ. Agbòòrùn àti awò dúdú náà ń bẹ nínú ìmúra, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ohun mìíràn: ìmọ́lẹ̀ máa ń gún àfín lójú, ẹyinjú wọn sì lè máa mì fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe dá ojú rẹ̀ kọ fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ní kó tẹjú mọ́ òkè. Ẹ ní kó pa ojú dé pẹ̀lẹ́, kí ẹ ṣiṣẹ́ yín, kó tún sinmi.

Àti foundation: àwọ̀ ọrùn ni kí ó bá mu. Mo ti rí i tí wọ́n fi àwọ̀ tó dú jù kun ọmọbìnrin àfín kan ní Sàgámù, wọ́n ní "kó lè jọ èèyàn." Ọ̀rọ̀ yẹn burú, iṣẹ́ náà sì burú. Ojú rẹ̀ dú, ọrùn rẹ̀ funfun, ó bo ojú rẹ̀ nínú gbogbo fótò. Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo tún un ṣe. Bákan náà, ẹ má lọ fi ìpara abóra bó ara nítorí àwọ̀ kankan.

Ìpénpéjú

Ẹ ṣe ojú ṣáájú foundation. Àwọ̀ tó tàn máa ń já bọ́ sí abẹ́ ojú bí iyẹ̀fun, ẹyọ búlúù kan péré lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó pọ́n á sì hàn láti òdìkejì òpópónà. Bí ẹ bá ṣe ojú tán, ẹ nu abẹ́ rẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kun ìyókù.

Ẹ fi primer (ìpara tó ń jẹ́ kí àwọ̀ lẹ̀) tàbí concealer (ìpara aláwọ̀ ara tí a fi ń bo àbùkù) tó fẹ́lẹ́ sí ìpénpéjú, kí àwọ̀ rẹ̀ bá ìpénpéjú náà mu. Fún adúmáadán, a máa ń fi funfun sábẹ́ kí àwọ̀ lè tàn. Ẹni tó pọ́n kò nílò ìyẹn. Ògiri tí wọ́n ti kùn ní funfun tẹ́lẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọ̀ kan tó fi díẹ̀ dú ju ara rẹ̀ lọ, bí àwọ̀ bisikíìtì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́ rọra gbá a lọ gbá a bọ̀ nínú ihò tó wà láàárín ìpénpéjú àti egungun ojú. Má fo ibí yìí, ìwọ tó ń kánjú. Ibẹ̀ ni àwọ̀ tó le máa kú sí. Láìsí i, búlúù á dúró gbọ̀nrangandan bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

Nísinsìnyí, àwọ̀ náà gan-an. Búrọ́ọ̀ṣì tó pẹlẹbẹ, tó kéré bí èékánná ìka kékeré. Ẹ fi orí rẹ̀ kan búlúù náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí etí páálí rẹ̀: kó, kó. Ẹ ó rí erukú tó bọ́. Ìyẹn ni ì bá bọ́ sí abẹ́ ojú. Ẹ gbé e sí àárín ìpénpéjú gẹ́rẹ́, lókè ẹyinjú, kí ẹ TẸ̀ Ẹ́. Ẹ má fà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e kúrò, ẹ sún un díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi dé ìkangun òde. Ohun tó bá ṣẹ́kù sí búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi parí igun inú. Ẹ wá mú búrọ́ọ̀ṣì mìíràn tí kò ní àwọ̀ kankan, kí ẹ fi gbá etí búlúù náà nìkan, níbi tó ti pàdé àwọ̀ bisikíìtì, bí ẹni ń gbá ẹnu ọ̀nà tí kò fẹ́ kí erukú wọlé. Ẹ má gbá àárín.

Ẹ ní kó lajú kó wò yín. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọ̀ tó hàn nígbà tó lajú kò gbọdọ̀ ju ìbú ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Bó bá wù ú, ó lè fẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fẹ̀ ẹ́.

Pupa ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi pupa tó dà bí ata rodo sí ojú ìyàwó kan tó pọ́n ní Ìpẹru. Mo gbé e dé ìdí irun ojú, mo tún fi sí abẹ́. Ó lẹ́wà lójú mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó kí wa tán, ó ní: "Ìyàwó mi, ṣé apólò mú ẹ ni?" Òótọ́ ló sọ, bí ojú ẹni tó ní apólò gan-an ló rí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fi pupa tàbí pìǹkì sí ìpénpéjú ẹni tó pọ́n, mo máa ń fi pẹ́ńsù àwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú la àárín òun àti irun ojú, kí pupa má fara kan etí ojú rárá. Mi ò sì ń fi pupa sí abẹ́ ojú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló sọ àìsàn di ẹwà.

Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ méjì, ẹ mú àwọn tó jẹ́ aládùúgbò: búlúù àti elése-àlùkò, ọsàn àti pìǹkì. Àwọn alátakò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá pò pọ̀ lórí ìpénpéjú, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dà.

Irun ojú àfín sábà máa ń funfun tàbí kó pọ́n. Ẹ bi í kí ẹ tó fi másíkárà sí i. Àwọn kan fẹ́ kó dú, àwọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ sì fi ṣe é, torí dúdú máa ń le jù. Ṣùgbọ́n irun funfun lábẹ́ ìpénpéjú aláwọ̀ aró, mi ò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó o. Bó bá gbà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Ẹ jẹ́ ká mú àwọ̀ zóbò, pupa tó fẹ́ di elése-àlùkò, tó ń ba èèyàn lẹ́rù nínú agolo rẹ̀. Èyí tó jẹ́ bí ìpara ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣeé tú ká ju ti ìyẹ̀fun lọ. Ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín, ẹ fi ìka àárín pa á títí yóò fi gbóná tí yóò sì fẹ́lẹ́. Ohun tó kù lórí ìka, tó dà bíi pé kò tó nǹkan, ìyẹn ló tó.

Ẹ wọn ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ imú. Ẹ má kọjá ibẹ̀ wá sínú. Àwọ̀ tó bá sún mọ́ imú ẹni tó pọ́n, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà ló máa rí. Láti orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ìkangun òde ojú, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ sókè sí ẹ̀bátí. Ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ẹ wá fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta sún sẹ́yìn. Ìtòsí ló ń tàn wá jẹ. Ó máa ń dà bíi pé kò tíì hàn, a ó sì fi kún un. Láti ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni àwọn èèyàn ti máa rí i.

Bó bá ti pọ̀ jù, ẹ má nù ún. Fóòmù tí ẹ fi tẹ foundation, tí ìyókù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Á rọ̀. Ẹ fi àtíkè díẹ̀ dè é. Bí òun bá fẹ́ kó le sí i, ẹ wá fi ìyẹ̀fun àwọ̀ kan náà lé e. Méjèèjì pọ̀ ló ń pẹ́ lára nínú òógùn.

Ẹ̀tàn kan tí gèlè ń ṣe: lára ẹni tó pọ́n, gèlè pìǹkì tàbí pupa máa ń dà àwọ̀ rẹ̀ sójú nínú oòrùn, bí ẹni tún fi àwọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì kù díẹ̀ káàtó títí ẹ ó fi wé gèlè tán. Ìgbà náà ni kí ẹ pinnu bóyá ẹ ó fi kún un. Ẹni tó wé búlúù tàbí àwọ̀ ewé sì lè nílò díẹ̀ sí i, torí àwọ̀ tí wọ́n ń dà sójú nínú oòrùn ń gba pupa kúrò níbẹ̀.

Ètè? Bí ìpénpéjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti sọ̀rọ̀, ẹ fi àwọ̀ ètè gan-an sí i, kó kàn dán.

Síta, kí ẹ tó sọ pé ó ti tán

Ẹ mú un jáde sí iwájú ilé. Ẹ yà á ní fótò nínú oòrùn, lẹ́yìn náà nínú ilé pẹ̀lú filáàṣì. Àtíkè tí èròjà kan tó ń jẹ́ silica pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń funfun nínú filáàṣì. Lára ẹni tó pọ́n, ìyẹn á pa gbogbo àwọ̀ tí ẹ ti fi sùúrù tò.

Ẹ rántí òjò. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Nítorí pé òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, bí ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń tètè dé sí i lọ́dọọdún, a ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ òjò fún ìgbà díẹ̀. Másíkárà àti pẹ́ńsù tí omi ò lè fọ̀ ni kí ẹ mú, kí òwú tí a fi ń nu etí sì wà nínú báàgì. Bí búlúù bá ṣàn, ẹ yí òwú náà lórí ibi tó ṣàn sí, ẹ má fi áńkáṣíìfù nù ún.

Ìyàwó ọjọ́ yẹn wo dígí fún ìgbà pípẹ́. Ó pa ojú ọ̀tún dé, ó wo búlúù, ó pa ti òsì dé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ sí i." A fẹ̀ ẹ́ dé ìbú ẹyọ ìrẹsì méjì.

Lálẹ́, ẹ má fi ọṣẹ bó o. Ẹ rin òwú pẹ̀lú òróró ìfọjú tàbí òróró àgbọn, ẹ gbé e lé ìpénpéjú tí ẹ ti pa dé, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ogún, ẹ wá fà á sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òwú tuntun fún ojú kejì. Bí búlúù tàbí pìǹkì bá ṣì fi àpá díẹ̀ sílẹ̀, kò burú, àwọn àwọ̀ kan máa ń wọra. Ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Bí ẹ bá tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á ti lọ.